Ìdí Tí Àwọn Olùkọ́ Wa Fi Máa Ń Sọ fún Yín Pé "Kò Ṣeé Ṣe"

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó ọmọ. Lẹ́tà yìí kì í ṣe ti owó, kò sì sí ọmọ kankan tí nǹkan ṣe. Ọ̀rọ̀ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú ọmọ àti jẹ́lé-ó-sinmi wa ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá àwọn ìwà tó ti ń bí àwọn kan nínú yín nínú. Òbí kan ní olùkọ́ wa lágídí. Òmíràn ní ó dà bíi pé a ò fọkàn tán òun. Ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀sùn yìí ti ń wá: ẹ béèrè ohun tí kò le lójú tiyín, òṣìṣẹ́ wa sì ní kò ṣeé ṣe. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà èmi ló yẹ kí n ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọmọ tó ń gé ọmọ jẹ, torí òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta tó ń gé ẹlòmíì jẹ kì í ṣe ọmọ burúkú. Eyín lè máa yọ lẹ́nu rẹ̀, tàbí kó fẹ́ ohun ìṣeré tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì kó má sì tíì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi béèrè. Apá ibi tí èèyàn fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu nínú ọpọlọ kò tíì gbó rárá ní ọjọ́ orí yẹn. Bó bá ṣẹlẹ̀, a ó fọ ojú ibẹ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì sọ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an: ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àsìkò rẹ̀, àti ohun tí a ṣe. Ohun tí a ò ní sọ ni orúkọ ọmọ tó gé e jẹ. Mo mọ̀ pé ọmọ yín lè ti dárúkọ rẹ̀ kí ẹ tó délé. A ò lè dí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ olùkọ́ ló dárúkọ rẹ̀, òbí méjì yóò kojú ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ọdún méjì á sì di "èyí tó ń géni jẹ" lẹ́nu gbogbo èèyàn. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè bọ́ lára. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1989, sọ ọ́ ní abala 16 pé ọmọdé náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀ àti sí orúkọ rere. Olùkọ́ tó bá ń tú àṣírí ọmọ ẹlòmíì fún yín, tiyín náà ni yóò tú lọ́la.

Nípa ti nína ńkọ́? Àwọn kan ti sọ ọ́ sí wa létí pé, "Ẹ nà án fún mi, mo fún yín láṣẹ." Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ ò ní àṣẹ yẹn láti fún wa. Lọ́dọ̀ tiwa kò sí pàṣán, kò sí ìgbátí, kò sí fífa etí, kò sí títi ọmọ mọ́ yàrá. A kì í fi oúnjẹ jẹ ọmọ níyà, a kì í sì í fi orúkọ ẹ̀gàn pè é. Sweden ló kọ́kọ́ fi òfin de lílu ọmọ pátápátá, títí kan ti inú ilé, ní 1979, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ọmọ tí wọ́n ń nà máa ń tètè mọ̀ ni ẹni tó yẹ kóun sá fún; ohun tó yẹ kó ṣe lè má yé e síbẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ wa á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé pẹ̀lú ti ọmọ, á sọ ohun tó ń fẹ́ ní gbólóhùn kúkúrú ("Rìn jẹ́jẹ́" dára ju "Má sáré" lọ), á sì dúró tì í títí ọkàn rẹ̀ á fi rọ̀. Ó ń pẹ́ ju ìgbátí lọ, mo gbà.

Ní yàrá àwọn ìkókó, ọ̀rọ̀ náà tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ìkókó wúwo, ọrùn rẹ̀ ò sì tíì le. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ọpọlọ rẹ̀ á máa mì síwá sẹ́yìn nínú agbárí, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì lè já níbẹ̀. Ẹni tó ṣe é lè má tilẹ̀ ní ibi lọ́kàn, igbe ló ti sú u. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ tí igbe ọmọ bá ti ń dà lọ́kàn rú fi gbọ́dọ̀ rọra tẹ́ ọmọ náà sórí ibùsùn rẹ̀, kó pe ẹnì kejì, kó sì jáde lọ mí. Bí ẹ bá bá olùkọ́ kan tó dúró lóde nígbà tí ọmọ ṣì ń ké nínú yàrá, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ohun tí a kọ́ ọ ló ń ṣe. Bákan náà, ẹ̀yìn la máa ń fi ìkókó sùn lé, láìsí ìrọ̀rí tàbí ohun ìṣeré rírọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kódà bí ẹ bá sọ pé ikùn ló ń gbádùn láti fi sùn nílé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa àgbà kan ò tó. Ibi tí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ, àgbàlagbà mìíràn gbọ́dọ̀ lè máa rí wọn. Ọmọ tó bá ti lè nu ìdí ara rẹ̀, òun ni yóò nù ún, àwa á kàn máa tọ́ ọ sọ́nà. Èyí ò ní ká má gbé ọmọ mọ́ra o. Ọmọ tó bá ń sunkún, a ó gbé e. A ò kàn ní fipá fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, a ò sì ní sọ fún ọmọ kankan pé, "Má sọ fún màmá ẹ."

Fóònù àwọn olùkọ́ máa ń wà nínú àpótí títì títí iṣẹ́ á fi parí. Fóònù ilé ìtọ́jú nìkan la fi ń ya fọ́tò, torí fọ́tò tó bá ti dé orí WhatsApp, kò sẹ́ni tó lè kó o padà mọ́. Wọn ò ní gba ẹ̀bùn owó lọ́wọ́ yín, wọn ò ní yá owó, wọn ò sì ní wá bá yín tọ́mọ nílé lópin ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ní kí olùkọ́ di ọ̀rẹ́ yín lórí Facebook tí kò dáhùn, kì í ṣe ìgbéraga.

Ti oògùn gba àlàyé díẹ̀. A kì í fún ọmọ ní oògùn tí ẹ bù sínú ìgò mìíràn, bó ti wù kí ẹ ṣàlàyé tó. Inú ìgò tó bá wá ni kó wà, pẹ̀lú orúkọ ọmọ lára rẹ̀, kí iye tí a ó fún un àti àsìkò rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Òṣìṣẹ́ méjì ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún un. Ẹ wo paracetamol tí gbogbo wa mọ̀: ó kéré tán, wákàtí mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀ẹ̀kan àti ìkejì, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Àpọ̀jù rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá fún ọmọ lówùúrọ̀ kí ara rẹ̀ má baà gbóná nígbà tí a bá gbà á, tí ẹ ò sì sọ, ara rẹ̀ á tún gbóná lọ́sàn-án, àwa ò sì ní mọ iye tó ti mu. Àìsàn tí oògùn bò mọ́lẹ̀ sì tún lè ran àwọn ọmọ yòókù.

Èyí tó kàn ni mo mọ̀ pé yóò dùn yín jù. Bí a bá rí àpá lára ọmọ, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì bi yín. Ọmọ tó ń sáré kiri á máa fi ojúgun àti iwájú orí gbá nǹkan, ìyẹn ò yà wá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìkókó tí kò tíì lè rá kì í sábà ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bí ara rẹ̀ bá dúdú níbì kan, tàbí tí àpá bá wà létí tàbí lọ́rùn ọmọ, a ò ní lè gbójú fò ó. Bí ohun tí a rí bá kó wa lọ́kàn sókè, a ó fi tó àwọn tí òfin yàn láti dáàbò bo ọmọdé létí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin ló pa á láṣẹ fún ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa, kì í ṣe ohun tó wù wá. A kì í ṣe ọlọ́pàá, a kì í sì í dájọ́. Bí ìfura bá sì bọ́ sórí òṣìṣẹ́ tiwa, kò ní sún mọ́ ọmọ kankan títí wọ́n á fi parí ìwádìí. Bí èmi gan-an bá ṣe ohun tí kò tọ́, ọ́fíìsì tó fún wa níwèé àṣẹ ni kí ẹ lọ. Nọ́ńbà wọn wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wá mú ọmọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé wa, a ò ní fa ọmọ lé e lọ́wọ́, bí ọmọ tilẹ̀ ń sáré lọ dì mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n yín lè bínú sí wa. Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. Fọ́ọ̀mù tuntun wà nínú àpò ọmọ yín. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè wá mú un síbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn, àti bóyá ẹ gbà kí a máa ya fọ́tò ọmọ yín. Ẹni tí kò bá dá tirẹ̀ padà, a ó kà á sí pé kò gbà.

Èmi ni tiyín,
Olùdásílẹ̀ ilé ìtọ́jú ọmọ àti jẹ́lé-ó-sinmi yín