Má Jẹ́ Kí Bàbá Tètè Gbà

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù Leeds o, o sì kú iṣẹ́ òru. Eré tí o kọ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á tán lálẹ́ ọjọ́ tó dé, mo sì tún un kà láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ dùn mọ́ mi gan-an, àfi bí ẹni pé mo bá wọn jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé yẹn. Ṣùgbọ́n o ní kí n sọ tinú mi nípa ìran tí Mosún ti ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó má ta ilé. Màá sọ ọ́, nítorí orí ìran yẹn ni gbogbo eré náà dúró lé.

Bàbá tètè gbà jù. Mosún kúnlẹ̀, ó sunkún, ó pa òwe méjì, ó dárúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú, bàbá bá fà á mọ́ra, ó ní òun ò ta ilé mọ́. Ojú ìwé kan àtààbọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Irú ìran bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú eré àgbéléwò wa: àgbà kan á wọlé, á pa òwe, ẹni tó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ á wólẹ̀, á ní kí wọ́n dárí ji òun. Ó máa ń dùn mí, torí pé ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ènìyàn nílé wa. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́ lónìí, á ní òun ti gbọ́. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́ lọ́la, á ní kí wọ́n má dá sí i. Wọ́n á gba ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ lọ, wọ́n á wá pásítọ̀ tàbí ààfáà rẹ̀ lọ, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó ń bí i nínú gan-an, ohun náà kì í sì í sábà jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ti ń rò.

Lójú tèmi, inú ìjà ni àrọwà ń gbé. Ẹni tí à ń bẹ̀ ní ohun kan tó ń dáàbò bò, bí a kò bá sì tíì rí ohun náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè sọ tí yóò wọ̀ ọ́ létí.

Jọ̀ọ́, wá eré Amẹ́ríkà kan wò, 12 Angry Men. Reginald Rose ló kọ ọ́, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti dá ẹjọ́ ní New York. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti kọ́kọ́ jáde ní 1954, Sidney Lumet sì sọ ọ́ di sinimá ní 1957. Ọkùnrin 12 nínú yàrá kan, ooru ń mú, fáànù kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ọmọ ọdún 18 kan fi ọ̀bẹ gún bàbá rẹ̀ pa. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, pípa ni ìjọba máa pa á, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ fẹnu kò síbì kan. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, ènìyàn 11 ní ó jẹ̀bi, ẹnì kan ní kò dá òun lójú. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ni eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ látòkè délẹ̀. Síbẹ̀, n kò tíì rí eré ológun tó já mi láyà tó o.

Wo bí wọ́n ṣe ń yí padà. Bàbá àgbàlagbà tó kọ́kọ́ yí ohùn padà kò sọ pé ẹ̀rí kankan ló yí òun lọ́kàn padà. Ó ní kò rọrùn kí ènìyàn dá dúró láàárín èrò, òun sì fẹ́ gbọ́ sí i. Ẹni tó dàgbà ní àdúgbò àwọn tálákà ló mọ bí wọ́n ṣe ń di irú ọ̀bẹ yẹn mú, torí ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi í jà. Ọ̀kan wà tó ń ṣòwò ìdókòòwò, orí rẹ̀ tutù, ó ń fi ẹ̀sọ̀ ro ohun gbogbo. Àpá awò ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ẹlẹ́rìí obìnrin kan, tó ní orí ibùsùn ni òun ti rí ìpànìyàn náà, ló gbà á lẹ́nu: ta ló ń lo awò ojú sùn? Ẹlòmíì yí padà kìkì nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì baseball wà lápò rẹ̀, ó fẹ́ tètè lọ. Ọ̀kan nínú wọn tó ṣí wá láti ilẹ̀ mìíràn bínú sí i gidi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìhà kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Rose kò gbà kí ẹnikẹ́ni borí lọ́nà tí kò mọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí o wò dáadáa ni ti “màá pa ọ́.” Arúgbó kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé jẹ́rìí pé òun gbọ́ tí ọmọ náà ń pariwo bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ọkùnrin kẹjọ (nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n), ẹni tí kò dá lójú níbẹ̀rẹ̀, èyí tí Henry Fonda ṣe, ní ta ni kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú wa? (Àwa tí ìyá wa ń sọ ọ́ fún bí a bá da ọbẹ̀ nù, a kúkú mọ̀.) Ọkùnrin kẹta, èyí tí Lee J. Cobb ṣe, kọ̀ jálẹ̀: ẹni tó bá sọ ọ́ báyẹn, bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúrò níbẹ̀. Wọ́n bọ́ sórí bí arúgbó tó ń tiro ṣe lè dé ẹnu ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15 kó sì rí ọmọ náà tó ń sá lọ, bó ṣe jẹ́rìí. Fonda rìn ín bí arúgbó, ó di 41. Ọkùnrin kẹta gbaná jẹ. Fonda wá tọ́ ọ níjà, ó ní ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ kí ọmọ yìí kú. Ló bá fò sókè sí i, wọ́n dì í mú, ó ń pariwo pé òun máa pa á. Fonda kàn bi í pé, ṣé òótọ́ lo fẹ́ pa mí ni?

Àbẹ̀kẹ́, kò sí àlàyé kankan lẹ́yìn ìyẹn. Ká ní Fonda ló dúró ṣàlàyé pé ẹni tó ń bínú kì í ro ohun tó ń sọ, à bá gbà fún un, à bá sì gbàgbé. Alátakò rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí lójú gbogbo wọn.

Síbẹ̀, kò tìtorí ìyẹn yí padà. Òun ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán pé ọmọ òun ọkùnrin kan òun ní ẹ̀ṣẹ́ ní àgbọ̀n nígbà tó wà ní ẹni ọdún 16, pé ó ti tó ọdún méjì tí òun ti fojú kàn án. Ìgbà tó fa fọ́tò òun àti ọmọ rẹ̀ yìí ya la tó mọ ẹni tó ti ń bá jà látàárọ̀. Ó bú sẹ́kún, ó wá sọ pé ọmọ tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ kò jẹ̀bi. Ẹnikẹ́ni kò pa òwe kankan fún un.

Bí o bá fẹ́ tiwa, tún Saworoidẹ wò, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999. Lápitẹ́ tó jọba ìlú Jogbo kọ̀, kò ṣe orò tó so ọba ibẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ará ìlú, ìlù ló sì parí eré náà. Ta ló mọ òwe bí Ìṣọ̀lá? Síbẹ̀ kò fi òwe sọ oníwọra di ènìyàn rere lójijì.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé bàbá Mosún. O ní gbèsè ló fẹ́ mú un ta ilé. N kò gbà pé gbèsè nìkan ni. Ìwọ náà lo kọ ọ́ sí ojú ìwé kẹrin pé òun nìkan ló ń tún ilé yẹn ṣe láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, pé àwọn àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun kì í fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, àmọ́ ọjọ́ tó ní òun fẹ́ tà á, gbogbo wọn ló pè. Ibẹ̀ gan-an ni! Ilé ni wọ́n rí, wọn ò rí òun. Òkè òkun ni Mosún náà ti wá. Jẹ́ kí bàbá sọ ọ́ sí i lójú, kó le débi pé ẹni tó ń wò ó máa ní bàbá yìí kúkú rí wí. Fún un ní ọ̀rọ̀ tó dára ju ti Mosún lọ. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn: ẹni tí o ò fẹ́ràn nínú eré rẹ ni kó o fún ní ọ̀rọ̀ tó gbóná jù.

Yọ òwe méjèèjì. Kí ìkúnlẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí bàbá ní kó dìde, kó má wulẹ̀ fi aṣọ nu ilẹ̀. Kí inú bí Mosún, kó sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí bàbá, kó sì jáde. Ní ọjọ́ kejì, kó má bẹ̀ ẹ́ rárá. Kó pe káfíńtà wá síbi tí òrùlé ti ń jò, kí bàbá máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Bàbá lè má sọ pé òun ò ta ilé mọ́. Ó lè jẹ́ pé ohun tó máa bá jáde ni pé irú páànù tí káfíńtà yẹn kó wá kò dára.

Ìran tí àwọn àbúrò ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, má fọwọ́ kàn án, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti tún èyí kọ, fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, má dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Bí a bá máa ya á lóòótọ́, ìgbà òjò ló yẹ ká ya á, mo sì fẹ́ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Àdùkẹ́