Sí Àdùkẹ́, Ọya ilé ìwé wa

Òkè-Fíà, Òṣogbo.

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kánádà? Òtútù ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà níbí, a dúpẹ́.

Mo ti wo fíìmù Fences tí o ní kí n wò. Wọ́n mú iná lọ láàárín, mo sì jókòó dè é títí di aago kan òru. Níbi tí Viola Davis ti kojú ọkọ tó fún obìnrin mìíràn lóyún, omijé ń dà, ikun imú ń ṣàn dé ètè rẹ̀, kò nù ún. Àdùkẹ́, kò nù ún! Èmi náà bú sẹ́kún lórí àga.

Ìgbà tí mo ka ìtàn Viola fúnra rẹ̀ ló tó yé mi. Orí ìtàgé ní Broadway ló ti kọ́kọ́ ṣe ipa yẹn ní 2010, lálaalẹ́, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Tony lórí rẹ̀, ìkejì tirẹ̀ lẹ́yìn ti 2001. Kí kámẹ́rà tó dé, ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó gba Oscar ní 2017, lẹ́ni ọdún 51. Ọmọ tí ebi pa ní Central Falls ní Amẹ́ríkà, tó ń fi aṣọ wé ọrùn sùn kí eku má baà gé e jẹ!

Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ léré níbí, fíìmù nìkan ni wọ́n ń lé. Ní Òṣogbo, níbi tí Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbárí Mbáyọ̀, ilé àṣà àti eré, sílẹ̀ ní 1962, tí wọ́n ti gbé eré rẹ̀, Ọba Kòso, lọ sí Berlin ní 1964! Ó ń dùn mí. Mo sọ fún wọn nípa Ìyá wa Abíọ́dún Dúró-Ládiípọ̀ tó ṣe Ọya nínú eré yẹn. Mo sọ nípa tìẹ náà: ọjọ́ tí ìró rẹ tú lójú agbo, tí o rọra so ó padà, tí o ń sọ̀rọ̀ lọ, tí àwọn òbí rò pé ara eré ni.

A fẹ́ ṣe eré kan nínú oṣù Kejìlá. O ní o ń bọ̀ wálé nígbà yẹn. Ipa ìyá ọkọ ṣì ṣófo, n kò sì fẹ́ fún ẹlòmíràn. Má sọ pé ọjọ́ ti lọ, jọ̀ọ́. Mo ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp rẹ. Bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ sórí.

Èmi ni,
Mojí rẹ