Gbànja òru ìdánwò

Olóòtú wa,

Ẹ bá wa kìlọ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gbànja àti kọfí lé oorun n'Ífẹ̀ níbí. Kaféènì, èròjà inú àwọn méjèèjì tó ń jẹ́ kí ojú là, kì í fúnni lágbára tuntun. Adẹnosíìnì, èròjà ara tó ń múni tòògbé, ló ń kóra jọ sínú ọpọlọ látàárọ̀ tí oorun fi ń kùn wá. Kaféènì kàn gba ìjókòó rẹ̀ ni. Oorun ò lọ, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Kọfí aago 10 alẹ́, ìdajì kaféènì rẹ̀ ṣì lè wà lára ní aago 3 òru.

Ní ti eléré ìje tó wọ̀n kílò 60, kaféènì mílígíráàmù 180 ní wákàtí kan ṣáájú eré ti tó o. Bó bá pọ̀ jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì. Kí àgbàlagbà má kọjá mílígíráàmù 400 lóòjọ́, aboyún 200. Ti obì ló wá le: ta ló kọ ìwọ̀n sára awẹ́?

Àwa olùkọ́ ìmọ̀ ìlera,
Ilé-Ifẹ̀.