Àkànní, Má Tíì Sanwó

Peckham, London
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Òtútù Leeds ńkọ́? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé òun kò tíì fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ alùpùpù yìí. Èmi náà kò fọwọ́ sí i pátápátá. Ṣùgbọ́n o ti ṣe CBT, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun alùpùpù, o ti ra alùpùpù 125 rẹ, o sì ti ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹkún. Ohun tó kù ni ohun tí wàá máa wọ̀ lórí rẹ̀.

Mo rí àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: akoto láti Amẹ́ríkà, jákẹ́ẹ̀tì láti Jámánì, ìbọ̀wọ́ àti bùútù láti ojú òpó kan tí wọ́n kọ ẹ̀dínwó 80% sí gàdàgbà gadagba. O ní bí owó oṣù bá ti wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, o máa sanwó. N kò fẹ́ pè ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá pè ọ́, "Ó dáa Màmá, mo ti gbọ́" ni wàá sọ, wàá sì lọ ṣe tìrẹ. Lẹ́tà ṣeé tún kà.

O mọ̀ pé n kò gun alùpùpù rí, àyàfi ọ̀kadà tó máa ń gbé mi lọ sí Dùgbẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún kẹrìndínlógún rèé tí àwọn tó ń gun alùpùpù ní London yìí ti ń gbé aṣọ wọn wá fún mi: síìpù tó ti bàjẹ́, apá tó gùn jù, láínìn tó ya. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi wà nínú àpótí lábẹ́ máṣíìnì, ara wọn ni mo sì ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ọmọkùnrin kan gbé jákẹ́ẹ̀tì awọ wá lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ṣubú ní ìkọ́nà, kò tilẹ̀ sáré. Awọ yẹn kò ya rárá. Ojú rírán ló tú, láti èjìká títí dé ìgbọ̀nwọ́, bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, títì sì bó ọmọ náà lápá. Nígbà tí mo tú láínìn rẹ̀, òwú kọ́tìnì ni mo bá níbẹ̀, ojú rírán kan ṣoṣo, irú èyí tí à ń fi rán àpò ìrọ̀rí. Ó bi mí bóyá mo lè rán an padà. Mo ní mo lè rán an, ṣùgbọ́n ọjà ni kó máa wọ̀ ọ́ lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á láti òkè òkun. Ó ní wọ́n kọ "CE", òǹtẹ̀ Yúróòpù pé ọjà yege, sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kọ ọ́, sára bébà tí wọ́n so mọ́ ọrùn rẹ̀. Nínú aṣọ gan-an, kò sí nǹkan kan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé inú aṣọ ni kí o kọ́kọ́ wò kí o tó wo iye owó. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni òfin Yúróòpù tuntun ti ka aṣọ alùpùpù mọ́ ohun èlò ààbò, bí wọ́n ṣe ka bàtà onírin àwọn kọ́lékọ́lé sí i. Aṣọ tó bá yege máa ń ní lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀. Wàá rí àwòrán ẹni tó gun alùpùpù níbẹ̀, wàá rí EN 17092, nọ́ńbà ìlànà Yúróòpù fún aṣọ alùpùpù, wàá sì rí lẹ́tà: AAA ló le jù, AA tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà A. Bí o bá rí B, aṣọ náà lè fara da títì bíi ti A, àmọ́ kò ní fóòmù ààbò nínú. C ní tirẹ̀, kí ó ṣáà gbé fóòmù dání ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe fún yíyọ̀ lórí títì. Fóòmù èjìká, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún ní nọ́ńbà tirẹ̀, EN 1621-1. Ti ẹ̀yìn ni EN 1621-2. Ìpele 1 wà, ìpele 2 wà, 2 ló dára jù. Kí o sì fọwọ́ tẹ ti ẹ̀yìn wò dáadáa bó bá dé, torí àìmọye jákẹ́ẹ̀tì ni mo ti tú tí n kò bá ju tìmùtìmù lásán lọ níbẹ̀.

Kọ̀wé sí àwọn ará Jámánì yẹn, kí wọ́n ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ fún ọ. Ẹni tó ń ta ojúlówó kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Akoto wá ńkọ́? Mo fi tìrẹ han oníbàárà mi kan tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ káàkiri London. Kò tilẹ̀ wò ó tán tó fi mi orí. Ó ní DOT, ìyẹn òǹtẹ̀ Amẹ́ríkà, nìkan ló wà lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ẹni tó ṣe akoto ló ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ó yege. Ìjọba á wá ra díẹ̀ lọ́jà láti dán wò lẹ́yìn náà. Òfin Britain kò gbà á. Ohun tí wọ́n gbà níbí ni ìlànà akoto ECE 22.05 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, 22.06, tàbí ìlànà Britain àtijọ́, BS 6658, tó ní òǹtẹ̀ Kitemark. Ó tún ṣàlàyé ohun kan tó yà mí lẹ́nu: akoto Shoei tí wọ́n ń pè ní RF-1400 ní Amẹ́ríkà, NXR2 ni wọ́n ń pe ìkejì rẹ̀ ní Yúróòpù. Bí o bá tò wọ́n sójú kan, wàá ní ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ tó wà lára ọ̀kan kò sí lára èkejì. Nítorí náà, orúkọ ńlá nìkan kò tó. Yẹ okùn abẹ́ àgbọ̀n wò, lébẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n rán mọ́ ọn: lẹ́tà E nínú òbíríkítí pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. E1 ni Jámánì, E3 ni Ítálì, E11 ni Britain. Nọ́ńbà gígùn tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05 tàbí 06. 06 ni kí o mú, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti fi ìdánwò kún un fún bí orí ṣe ń yí bírí nígbà tí akoto bá fi ẹ̀gbẹ́ gbá nǹkan.

Ọmọdé ni ọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé akoto. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé igbá. Igbá gidi, Àkànní! Àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. Bàbá rẹ fi ìròyìn yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ṣebí igbá náà ni akoto láti ilẹ̀ wá, kí ni ọlọ́pàá wá ń bínú sí. Akoto DOT tìrẹ yìí, lójú ọlọ́pàá Leeds, igbá ni.

Ti pé akoto ní láti fún orí mọ́ra ni mo tún fẹ́ kí o rò. Àwọn kan ń ṣe é fún orí róbótó, àwọn kan fún orí gígùn. Nọ́ńbà lè bára mu kí ó sì máa dùn ọ́ níwájú orí lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún. Pẹ̀lú dàda tí o ń dì sẹ́yìn yìí (mi ò bínú mọ́, mo kàn ń sọ ni), ta ló fẹ́ fi ojú mọ ìwọ̀n rẹ láti Amẹ́ríkà? Lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí rẹ, dé e, jókòó sí i fún ìgbà díẹ̀. Kò sì sí VAT, owó orí ọjà, lórí akoto alùpùpù ní Britain, kí o má baà rò pé owó orí ló mú kí tibí wọ́n. Ìjọba tún ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní SHARP, láti 2007, tó ń fún akoto ní ìràwọ̀ kan sí márùn-ún. Ọ̀fẹ́ ni, lọ wò ó. Ní tèmi o, akoto kì í ṣe ohun tí à ń rà láti òkè òkun, ó parí.

Jákẹ́ẹ̀tì ló lè wá láti Jámánì. Jẹ́ kí n gbádùn iṣẹ́ mi díẹ̀ níbí. Nọ́ńbà Jámánì fún aṣọ ọkùnrin, ìdajì àyà ni, ní sẹ̀ǹtímítà. Àyà 104 ni 52. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ní Britain, íǹṣì ni wọ́n fi ń kà á, nítorí náà ẹni kan náà á wọ 41 tàbí 42. Bí o bá wá rí 26 lórí ojú òpó wọn, má rò pé aṣọ ọmọdé ni: 52 fún ẹni kúkúrú ni. 102 sì ni ti ẹni gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ìwọ tí apá rẹ gùn bíi ti bàbá bàbá rẹ, 102 ni kí o kọ́kọ́ bèèrè. Torí bí o bá na ọwọ́ mú ìdarí alùpùpù, apá ẹ̀wù á fà sókè, fóòmù ìgbọ̀nwọ́ á sì kúrò níbi tí egungun wà. Bí ẹ̀wù bá sì fẹ̀ jù, fóòmù á yí lọ sábẹ́ apá lọ́jọ́ tí o bá ṣubú. Mo ti rí i lára ẹni tó wọ AAA: ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ya yánnayànna, fóòmù náà kò ní àpá kankan.

Mo mọ̀ pé wàá ní, "Màmá, àwọn kan wà tí wọ́n á rán an sí ìwọ̀n mi." Lóòótọ́. Sialkot ní Pakistan ni ọ̀pọ̀ wọn wà, ìlú tí wọ́n ti ń rán bọ́ọ̀lù. Mo ti tú iṣẹ́ ọwọ́ wọn wò, àwọn kan mọ awọ ju èmi lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá gé sí ìwọ̀n rẹ, tìrẹ ni. Òfin tó fún ọ ní ọjọ́ 14 láti dá ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì padà ní Britain kò kan aṣọ tí wọ́n rán sí ìwọ̀n rẹ. Bí èmi náà bá rán aṣọ fún oníbàárà tó wá sọ pé òun kò fẹ́ mọ́, ṣé màá gbà?

Owó wá kù. Èmi fúnra mi ti jìyà rẹ̀. Mo bèèrè fún ẹsẹ̀ máṣíìnì awọ láti ilẹ̀ òkèèrè kan, mo rò pé mo rí i ní pọ́ọ́kú, àfi bí ẹni tó gbé e wá ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní kí n san owó aṣọ́bodè, VAT, àti owó wàhálà tiwọn kí òun tó gbé e sílẹ̀. N kò ka gbogbo àlàyé kékeré tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Ìwọ kà á.

Bí ọjà láti òkè òkun kò bá kọjá £135, ẹni tó tà á ló yẹ kó gba VAT Britain lọ́wọ́ rẹ nígbà tí o ń sanwó. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ẹnu ibodè. Ká sọ pé jákẹ́ẹ̀tì aláṣọ jẹ́ £300, owó ìfiránṣẹ́ £20. Owó ibodè 12% lórí £320 á jẹ́ £38.40. VAT 20% kò dúró lórí £300 o, orí gbogbo rẹ̀ ló ń gùn, èyí tó jẹ́ £71.68. O ti dé £430.08, owó wàhálà kò tíì wọ̀ ọ́. Wàá ní Britain àti Yúróòpù ti bára wọn ṣàdéhùn pé kò sí owó ibodè. Ohun tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù ni àdéhùn yẹn wà fún. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán ní ilẹ̀ Ṣáínà, tó kàn sùn ní ilé ìkẹ́rùsí ní Jámánì, ọmọ Ṣáínà ni lójú aṣọ́bodè. Yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú pé wọ́n ti yọ VAT Jámánì, 19%, kúrò lórí iye tí wọ́n pè fún ọ, kí o má baà san ti ilé san ti òde. Bí o bá sì máa dá a padà, ta ló san owó rẹ̀? Jákẹ́ẹ̀tì awọ wúwo.

Káàdì kírẹ́díìtì ni kí o fi san án, kì í ṣe èyí tí owó oṣù rẹ wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá ju £100 lọ, tí kò kọjá £30,000, abala 75 òfin kírẹ́díìtì ọdún 1974 sọ pé ilé iṣẹ́ káàdì náà ní ẹ̀bi bí ọjà kò bá dé tàbí tí ó bá jẹ́ ayédèrú. Ó sì kan ọjà òkè òkun náà: ilé ẹjọ́ tó ga jù níbí ló dá a bẹ́ẹ̀ ní 2007.

Ti ìbọ̀wọ́ àti bùútù 80% yẹn, mo wá àdírẹ́sì wọn títí, n kò rí. Wọ́n ní kí èèyàn fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì. Jọ̀ọ́, pa ojú òpó náà dé. EN 13594 ni ti ìbọ̀wọ́, EN 13634 ni ti bùútù. Fi nọ́ńbà wọ̀nyẹn wá òmíràn.

Mo fi tépù kan sínú àpò ìwé yìí, èyí tí mo fi wọn agbádá ìkẹ́kọ̀ọ́yege rẹ. Má fi wọn ara rẹ fúnra rẹ, ọwọ́ rẹ kò ní dúró gún. Ní kí Tósìn wọ̀n ọ́, pẹ̀lú súwẹ́tà tí o máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, kí o jókòó sórí alùpùpù náà, kí o na ọwọ́ mú ìdarí: àyà, ìbàdí, láti egungun ọrùn dé ọrùn ọwọ́, láti ìdí dé ọrùn. Kọ ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà, fi ránṣẹ́ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, èmi ni màá sọ nọ́ńbà tí wàá bèèrè fún wọn.

Ìyá rẹ tó ń rò ọ́.

Bàbá rẹ ní kí n fi kún un pé ọkọ̀ ojú irin wà láti Leeds.