Sí Àjọkẹ́, lórí ìwé eré àti ṣíṣa òṣèré

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ pé wọ́n ti fi ọ́ sídìí ìwé eré nínú eré àtìgbàdégbà yẹn, àti pé wàá tún máa ran ẹni tó ń ṣa òṣèré lọ́wọ́. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Ojú ò ní rí ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ gbogbo ẹni tí ojú ń rí níbẹ̀ ló máa ti ọwọ́ rẹ kọjá.

Kọ́kọ́ mú ẹ̀dà kan ṣoṣo ṣe ìyá ìwé, kó wà lọ́wọ́ rẹ, kí ẹlòmíràn má fọwọ́ kàn án. Kọ orúkọ eré, nọ́ńbà apá, nọ́ńbà ẹ̀dà àti ọjọ́ sára fáìlì. Má kọ “èyí tó kẹ́yìn” síbẹ̀, torí òmíràn á dé lọ́la, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ èyí tó kẹ́yìn nínú méjèèjì. PDF ni kó o máa fi ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ Word, ẹnì kan á tún ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ṣe lórí fóònù, ìwé méjì á sì wà ní lókéṣọ̀n lọ́jọ́ kan náà.

Lọ́jọ́ tí olùdarí àti olóòtú bá ti fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì ti ń fi nọ́ńbà ìran ṣètò iṣẹ́, àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn ò gbọdọ̀ yẹ̀ mọ́. Bí ìran tuntun bá wọ àárín 24 àti 25, 24A ló ń jẹ́. Bí wọ́n bá yọ 31, fi nọ́ńbà náà sílẹ̀, kó o kọ “a ti yọ ọ́ kúrò” sí iwájú rẹ̀. Tó o bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún wọn kà, ìran 32 tó wà lọ́wọ́ aláṣọ á ti di 31 lọ́wọ́ ayàwòrán, òṣèrébìnrin á sì wọ aṣọ ìgbéyàwó síbi òkú. Fi àmì ìràwọ̀ sí etí ọ̀tún ìlà tó bá yí padà, kí ẹni tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí lè rí i kíá.

Wọ́n á sọ fún ọ pé ojú ìwé kan jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí bí fọ́ńtì bá jẹ́ Courier, tí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ 12. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé lè kọ “Ìyá àgbà ń kì í ní oríkì” ní ìlà kan, kí oríkì ọ̀hún gba ìṣẹ́jú méjì gbáko. Mú aago, kà á sókè, kó o kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Àmì ohùn ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí jù. “Ọkọ mi da?” tí kò lámì lè jẹ́ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀. Òṣèré á sọ èyí tó bá wá sí i lẹ́nu, ẹni tó ń kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ fídíò á sì tẹ̀lé àṣìṣe náà. Bí àkókò ò bá tó láti fi àmì sí gbogbo rẹ̀, fi sí orúkọ, òwe, ọfọ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Kó o tó pín in, ṣí ojú ìwé kan tó ní ẹ́, ọ̀, ṣ àti ǹ lórí fóònù méjì tó yàtọ̀. Fọ́ńtì mìíràn máa ń sọ ọ̀ di àpótí òfìfo.

Ní ìwé kékeré kan fún ìbátan. Òǹkọ̀wé mẹ́ta lè máa kọ eré kan: lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́, ìyàwó ń pe ọkọ rẹ̀ ní “ẹ”, lọ́wọ́ èkejì ó di “o” láìjà láìta. Kọ ẹni tó ń pe ta ní ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún ta, àti iye oṣù tí oyún jẹ́ ní apá kọ̀ọ̀kan.

Ní ti òṣèré, kọ ọjọ́ orí, ẹ̀ka èdè, iye ìran àti iye ọjọ́ fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí ara rẹ̀ máa ṣe: ṣé á wa ọ̀kadà, ṣé wọ́n á fá irun rẹ̀ nítorí pé opó ni? Sọ ọ́ kó tó wá sí ìdánwò. Òṣèré tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa abẹ ìfárí lọ́jọ́ iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, iṣẹ́ á sì dúró. Fi ojú ìwé méjì ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìdánwò, kí ìbínú wà nínú ọ̀kan, kí ẹ̀rín wà nínú èkejì. Ẹni tó ń bá wọn ka ọ̀rọ̀ kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, kó má ṣeré ju òṣèré lọ. Lẹ́yìn kíkà àkọ́kọ́, yí nǹkan kan padà: “Sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́.” Ibẹ̀ lo ti máa mọ ẹni tó ń gbọ́ ìtọ́sọ́nà. Bí ẹ̀dá ìtàn bá ń sọ Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì, pe ọmọ ibẹ̀ kó wo fídíò náà. Etí rẹ àti tèmi ò tó.

Má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣèré, ì báà jẹ́ owó fọ́ọ̀mù. Má dán ẹnikẹ́ni wò ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ọmọdé gbọ́dọ̀ wá pẹ̀lú òbí. Fídíò wọn kì í ṣe ohun tí à ń gbé káàkiri WhatsApp. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti ọdún 2023 dé ọ̀dọ̀ yín náà. Kó o sì fèsì fún ẹni tí ẹ ò mú. Ìlà kan tó, torí ẹlòmíràn ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń retí yín.

Bí ojú ìwé tuntun bá jáde, tún ìran ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan kà kó o tó sùn. Ẹni tó ní ìran mẹ́sàn-án lè ti ku méjì. Ẹni tí ẹ bá sọ ọjọ́ méjì lè ti di ọlọ́jọ́ márùn-ún, kó sì ti gba iṣẹ́ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ kẹta. Pe ẹni tó ń ṣa òṣèré lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó o tó fi PDF ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn, kí òṣèré má lọ bá ìyọkúrò ara rẹ̀ pàdé lórí fóònù.

Bí àmì ohùn ọ̀rọ̀ kan bá rú ọ lójú, pè mí, bó ti wù kí ilẹ̀ ti ṣú tó.

Ìyá rẹ.