Délé, má tíì sanwó transponder yẹn

Lágéré, Ilé-Ifẹ̀

Délé ọ̀rẹ́ mi,

Àwòrán tí o fi ránṣẹ́ wọlé lálẹ́ àná. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ rí ọkọ̀ òfurufú tí o ń kàn nínú gáréèjì rẹ. Ó ní, "Ṣé nǹkan tí Délé fẹ́ wọ̀ fò rèé? Olúwa á ṣọ́ ọ." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ṣe àmín.

Ọ̀rọ̀ transponder àlòkù tí o fẹ́ rà, ẹ̀rọ tó ń dá rádà àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú lóhùn, ló jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. Má tíì sanwó. Ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò rí páànù tó máa ń jókòó sí, mi ò sì rí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ń tà á kàn fà á yọ bí ẹni fa ẹ̀gẹ́ ni. Bí o bá lọ wá méjèèjì lọ́tọ̀, owó tí o rò pé o fi pamọ́ ti wọ́mi nìyẹn. Bèèrè wọn, kí o sì bèèrè ìwé tó sọ iṣẹ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ní wọn, fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Bi í pẹ̀lú bóyá ẹ̀rọ náà ń lo tube, ìgò oníná bíi ti rédíò ayé àtijọ́. Transponder KT 76A àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ tube inú rẹ̀ a máa gbó. GTX 327, transponder mìíràn, kò ní tube. Bí ó bá jẹ́ èmi, ìyẹn ni màá rà.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti fara balẹ̀ jù ni encoder, èyí tó ń sọ gíga ọkọ̀ fún transponder. Wáyà tín-ín-rín bíi mẹ́wàá ló wà láàárín wọn, ìkọ̀ọ̀kan yálà kó ṣí tàbí kó dé, bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ gan-an. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní. Bí ọ̀kan péré bá yí padà, odù mìíràn ló yọ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà wọ̀nyí: ní gbogbo ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà tí o bá gùn, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń yí padà.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ n'Ìkẹjà, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó ọ̀kan nínú àwọn wáyà encoder, èyí tí wọ́n ń pè ní A4, kò mú dáadáa, mi ò sì mọ̀. Nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. A wá ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù altimeter, aago tó ń fi gíga ọkọ̀ han awakọ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ ń gòkè: 1,000, 2,000, kò sí wàhálà. Bí a ṣe kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2,750 báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsàlẹ̀! Altimeter ń lọ sókè, transponder ń ní à ń bọ̀ wálẹ̀. A4 kì í dá sí ọ̀rọ̀ rárá títí dé ibẹ̀ yẹn. Ọ̀gá mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn na irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì sí mi. Nítorí náà, fi mítà wọn gbogbo wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí o tó tan iná sí i.

Áńtẹ́nà rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ, abẹ́ ikùn ọkọ̀ ni kó wà. Igi àti aṣọ lo fi ṣe tìrẹ, torí náà fi páànù kan sẹ́yìn rẹ̀ nínú, kí wáyà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní RG-400, kó má sì gùn jù. Má tan ẹ̀rọ náà láìso áńtẹ́nà mọ́ ọn láéláé.

Láti January 2020, nítòsí àwọn pápákọ̀ òfurufú ńlá l'Amẹ́ríkà níbẹ̀ yẹn, ADS-B Out, ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tí ọkọ̀ wà fúnra rẹ̀, ti di dandan, transponder yìí nìkan kò ní tó. Ìyẹn tún di ìnáwó mìíràn. Bí o bá so gbogbo rẹ̀ tán, àwọn tó ní ìwé àṣẹ ni kó dán an wò, lẹ́yìn náà ní gbogbo oṣù 24.

Fi fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ kíákíá. Màmá kí ọ, mo gbé iṣu lọ fún wọn lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n bèèrè ohun tí o ń fi àsìkò ìsinmi rẹ ṣe. Mo ní o ń kan nǹkan kan nínú gáréèjì.

Èmi ni tìrẹ,
Kúnlé