Dúpẹ́, kọ́kọ́ ka èyí tán kí o tó wo fídíò náà

Waterloo, Sierra Leone
Ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, 2024

Dúpẹ́ mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọmọ, ẹ kú wàhálà owó ilé-ìwé Tólú. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fi fídíò kan ránṣẹ́ sí ẹ, tí mo dúró létí ihò, tí mo na ọwọ́ síwájú bí abọrẹ̀, dákun má tíì wò ó. Bí o bá sì ti wò ó, mo mọ̀ pé o ti rẹ́rìn-ín, mo sì mọ irú ẹ̀rín tí o rín. Ka ìwé yìí tán ná.

Ọwọ́ ni mo fi ń kọ ọ́ nítorí pé iná ò sí láti ọjọ́ mẹ́ta, fóònù mi sì ti kú. Tí mo bá ti ríbi ṣáájì rẹ̀, màá ya ìwé náà ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́. Òjò ni kò jẹ́ kí n jáde. Àsìkò tí òjò ń sinmi lọ́dọ̀ yín yìí gan-an ló ń rọ̀ níbí bí ẹni pé a jẹ ẹ́ lówó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pé ọdún méje tí òkè ya lulẹ̀ ní Regent lẹ́bàá Freetown, tí ẹrẹ̀ gbé ilé tòun tènìyàn lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó kú àtàwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Látìgbà yẹn, bí òjò bá ti rọ̀ wọ òru kejì, àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè kì í sùn mọ́. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà wa ní aṣọ ìjáde lòun máa ń wọ̀ sùn lásìkò yìí. Mi ò béèrè ìdí.

O bi mí lọ́jọ́sí pé kí ni mò ń jẹ. Ìrẹsì ni. Ẹni tó bá jẹ odidi iṣu kan nílẹ̀ yìí tí kò fẹnu kan ìrẹsì, á ní òun ò tíì jẹun lónìí. (Rántí ìkòkò ìrẹsì Mátírọ́ọ̀nù. Ọlọ́run ò gbàgbé, èmi nìkan ló wá ń gbẹ̀san lára báyìí.) Ewé ẹ̀gẹ́ tí à ń já fún ewúrẹ́ nílé, òun lọba ọbẹ̀ níbí. Wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á da epo sí i dáadáa, ẹ̀pà lílọ̀, ẹja gbígbẹ, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó máa hó díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, àwọn ewúrẹ́ Màmá mi ni mo rántí, mo ní áà, wọ́n ti ń gbádùn tipẹ́ tí a ò mọ̀. Ewédú wà lọ́jà, krain-krain lorúkọ rẹ̀, àmọ́ wọn ò mọ ìjábẹ̀, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Ògìrì wà, orúkọ kan náà, òórùn kan náà tó lè lé olè jáde nílé, ṣùgbọ́n yànmọ̀tí ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pè é, bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń pè é gẹ́lẹ́. O mọ̀ pé n ò fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín rí. Mo dúró níwájú obìnrin tó ń tà á, omi ń bọ́ lójú mi, ó rò pé owó ni ò tó, ló bá fún mi ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ míṣọ́nnárì ń lọ. Ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi wa ti kún, ọmọ mẹ́ta ló ń jẹ́ Tunde níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó mọ ẹni tó tún dé. Nígbà tí mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn, tòótọ́ ni mò ń sọ, wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn lọ́sẹ̀ kejì, olúkúlùkù mú orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ wá bí ẹni tó gbé aago wá fún alátùn-únṣe. Ọmọbìnrin kan ń jẹ́ Abiose, mo ní wọ́n bí i ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó ní rárá o, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n bí òun. Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀. Wọ́n sì ń ṣe ìkómọ níbí, “komojade” ni wọ́n ń pè é títí dòní: ọjọ́ keje fún obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin. Àwa tá a ni ọ̀rọ̀, gbogbo wa ti kó o sí ọjọ́ kẹjọ, pẹ̀lú kánópì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Akú ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá tó jẹ́ babańlá àwọn Krio ibí, torí pé “ẹ kú, ẹ kú” ló ń jáde lẹ́nu wọn ṣáá. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú ni, Freetown ni wọ́n sì ń kó wọn sọ̀kalẹ̀ sí. Bí Àjàyí Crowther ṣe débí ní 1822 nìyẹn, ìtàn tí a há sórí fún ìdánwò. Ẹnubodè òkúta King's Yard tí wọ́n ń kó wọn gbà wọlé ṣì dúró létí ọsibítù láàárín ìlú. Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù, eruku wà lára rẹ̀, ọmọ kan ń ta omi inú ọ̀rá nísàlẹ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ mo rìn dé ìdí Cotton Tree, èyí tó ti wà lára owó wọn rí. Ṣé o mọ̀ pé àràbà ni? Ó wó nínú ìjì òjò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Èmi tí mo dàgbà sí “àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò”, kùkùté ni mò ń wò. Ojú wá ti ta ni báyìí?

Kí n sáré ka ìyókù: mo ti ń lo awò ojú, ológbò mi bí mẹ́rin, pásítọ̀ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹ ti gbéyàwó (kì í ṣe èmi, bá mi sọ fún àwọn Àǹtí rẹ kí wọ́n sinmi).

Ó dáa. Fídíò.

Grani ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá kan ni ní Hastings, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, inú ilé pákó tí wọ́n kọ́ lé orí ìpìlẹ̀ òkúta ló ń gbé. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, Áńgílíkà ni. Ọjà la ti pàdé. Ẹnu mi ṣì mí, mo ní “ẹ kú ọjà o, Mà,” ló bá gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, “Na so mi granma bin de tok.” Ó ní bí ìyá ìyá òun ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ọjọ́ Sátidé kan kọjá kí n má wọ poda-poda, ọkọ̀ akérò wọn, lọ kí i.

Orin kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀ nínú èdè náà, èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bó ṣe ń kọ ọ́ nìyí. Mi ò fi àmì sí i, torí ohùn rẹ̀ ti fọ́:

Ori mi ma pada o,
ona jin, ona jin.

Pè é jáde, Dúpẹ́. “Orí mi, má padà”? Àbí “orí mi máa padà”? Bí ó ṣe ń kọ ọ́, pẹrẹsẹ ni, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ títí òdòdó ara rẹ̀ fi ṣá. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ mọ èyí tó ní lọ́kàn. Lóòótọ́ àwọn kan padà, àwọn náà là ń pè ní Sàró, Crowther fúnra rẹ̀ bá ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846 lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Àwọn ará Grani ò padà. Ìyá náà wo ojú mi, ó ní kí ni orin náà ń wí. Mo ní, “A óò padà sílé ni.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bọ́ọ́lẹ̀ lọ sílé ìdáná lọ gbé gínjà wá fún mi. Míṣọ́nnárì tó ń kọ́ ọmọdé pé irọ́ ò dáa.

Lọ́jọ́ kẹta oṣù yìí ni ọkọ rẹ̀ pé ọdún kan tó ti kú. Wọ́n ṣe awujoh fún un. Àwùjọ náà ni, ọ̀rọ̀ wa náà ni. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé láàárọ̀, gbogbo obìnrin wọ kabaslot, aṣọ kan náà, “ashobi” ni wọ́n sì ń pè é. Oúnjẹ kún ilẹ̀: àkàrà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, dòdò, ẹ̀wà. Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n bu nínú oúnjẹ gbogbo sí i, wọ́n da omi sí i, àgbà ọkùnrin kan sì mú obì, ó là á, ó bá bàbá tó kú sọ̀rọ̀ ní Krio, èdè tí wọ́n ń sọ níbí, ó dà á. Obì ò yàn. Ó tún un dà, kò yàn. Gbogbo agbo dákẹ́. Ẹnì kan ń sunkún lẹ́yìn mi. Ni Grani bá yí ojú sí mi, ó ní àwọn àgbà ò gbọ́ Krio ni, “na yu sabi den langwej,” ìwọ lo gbọ́ èdè wọn.

Dúpẹ́, kí ni ìwọ ì bá ṣe? Ẹ̀kọ́ wo nínú gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin wa ló mẹ́nu ba èyí? Opó ń wò mí. Mo sún síwájú, mo na ọwọ́, mo ka Sáàmù kẹtàlélógún ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Ó gbọ́. Mo dé orí “bí mo tilẹ̀ ń rìn láàárín àfonífojì òjìji ikú”, ohùn mi ń gbọ̀n. Mo ṣe àmín. Ọkùnrin náà ju obì.

Obì yàn.

Ariwo ta, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbá mi mọ́ra. Grani ní, “Den don yeri.” Wọ́n ti gbọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo jókòó, mo jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ méjì.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ya fídíò náà, ó fi ránṣẹ́ sáwọn ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mi ò mọ ọ̀nà tó gbà dé ilé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kẹrìnlá lẹ́tà ọ́fíìsì ìjọ wa dé sórí fóònù mi: kí n ṣàlàyé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá ìdí tí mo fi “kópa nínú ìbọkúbọ”, àti pé owó oṣù mi dúró ná títí ìwádìí yóò fi parí. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé mo ti gba oyè abọrẹ̀. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ti owó oṣù ò pa mí lẹ́rìn-ín, torí ìrẹsì tó wà nílé ò lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, mo sì ti jẹ ìyá oníbúrẹ́dì.

Mo ti kọ ìdáhùn lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ń fà á ya. Ó rọrùn láti kọ pé Sáàmù ni mo kà, àti pé mi ò fọwọ́ kan obì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi “wọ́n ti gbọ́”, bírò á dúró. Ṣé kí n lọ tún ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ṣe báyìí, lẹ́yìn tó ti ń sùn dáadáa látọjọ́ náà? Ó ní látìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun ò sùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ nìyí, mo ti ń yí i po láti òkè. Bàbá Tólú wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwádìí yẹn. Mi ò ní kí wọ́n gbèjà mi, mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ràn kí àwa méjèèjì máa rán wọn níṣẹ́. Kí wọ́n sáà bá mi rí i pé wọ́n ka ìdáhùn mi tán kí ẹnikẹ́ni tó tẹ fídíò náà. Má sọ ti “wọ́n ti gbọ́” fún wọn. Èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́, bí mo bá lè sọ ọ́.

Ìkejì, nígbà tí o bá lọ kí Ìyá Àgbà ní Ìsẹ́yìn, bá mi kọ orin yẹn fún wọn, lọ́nà méjèèjì. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, kọ èyí tó tọ̀nà ránṣẹ́ sí mi, kódà bó jẹ́ “má padà” ni.

Òjò ti ń dá. Màá lọ wo bóyá ọ̀nà ti gbà mí dé ibi ṣáájì.

Èmi ni,
Fọlákẹ́

Bí Màmá mi bá bi ẹ́, sọ pé fóònù ni ò lọ. Sọ pé mò ń jẹun dáadáa. Má dárúkọ ewé ẹ̀gẹ́ fún wọn.